Èmi Ni Mò Ń Bá A Dáhùn

Eyín kan wà lẹ́nu mi, lókè lápá òsì, tí kì í ṣe èyí tí wọ́n bí mọ́ mi. Ìyàwó mi ló ṣe é. Tí ọ̀rọ̀ bá sú mi, ahọ́n mi á kàn lọ bá a níbẹ̀, á máa rìn yí i ká. Láti ọdún tó kọjá ni ahọ́n mi ti ń rin ìrìn yẹn lójoojúmọ́, torí ilé mi ti dákẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dákẹ́, kí n sì tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé ìyàwó mi ló burú.

Iṣẹ́ lífìtì ni mò ń ṣe, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè nínú ilé gíga. Ọdún kejìlélógún mi rèé. Tó bá há sáàárín àjà kẹrin àti ìkarùn-ún, tí èèyàn mẹ́fà wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń làágùn, èmi ni wọ́n ń pè. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo máa ń kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ti dé." Mo rò pé ohun tó bà mí jẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń sọ fún èèyàn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, òun ń bọ̀ wá yọ wọ́n, tó bá délé, kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó panu mọ́.

Ilé iṣẹ́ wa ló rán mi lọ sí Ṣáínà fún oṣù mẹ́sàn-án, pé kí n lọ kọ́ nípa irú lífìtì tuntun kan. Oṣù kejì tí mo débẹ̀ ni mo fi ọ̀kánjúwà gé egungun jẹ, eyín mi sì kán. Dókítà eléyín wo ẹnu mi, ó ní kí n lọ sí yàrá ẹ̀yìn kí wọ́n wo àwọ̀ eyín mi. Ọmọbìnrin kan ni mo bá níbẹ̀, ó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìda àti ọ̀bẹ kékeré kan. Òun kì í ṣe dókítà. Dókítà ló ń wọn ẹnu. Àwọn bíi tirẹ̀ ló ń jókòó sẹ́yìn, tí wọ́n ń gbẹ́ eyín náà títí á fi jọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tan iná sí mi lẹ́nu, ó wò ó, ó wò ó. Nígbà tí wọ́n wá fi eyín náà sí mi lẹ́nu, mo wo dígí, n kò mọ èyí tó jẹ́ tèmi mọ́. Àwọn àgbà ní funfun niyì eyín, ṣùgbọ́n èyí kò funfun jù. Ó ti fi pípọ́n díẹ̀ sí i, irú èyí tó máa ń wà lára eyín ọkùnrin tó ti mu tíì fún ọgbọ̀n ọdún. Mo ní ẹni tó lè wo èèyàn fínnífínní báyìí, kí ni mo tún ń wá kiri?

Oṣù méje tó kù, òun ló ń bá mi dáhùn níbi gbogbo. Ní báǹkì, ní ibùdó ọkọ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó ń gẹrun. Èmi á kàn dúró lẹ́yìn rẹ̀, màá máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ mú lọ kí àlejò. Ó tù mí lára. Mo gbà pé ìfẹ́ nìyẹn. Nígbà tí a wá ṣègbéyàwó tí mo mú un wálé, mo ní ó yá, ó ti kàn mí.

Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni wàhálà kọ́kọ́ bá. Gbogbo ọ́fíìsì tí a gbé e dé, wọ́n á yí i síhìn-ín, wọ́n á yí i sọ́hùn-ún, wọn ò mọ ibi tí orí rẹ̀ wà. Wọ́n ní ká lọ túmọ̀ rẹ̀. A túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Ọdún kan lọ, ìkejì tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi bá lọ gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ọṣẹ sínú páálí. Ọṣẹ méjìlá sínú páálí kan, kó lẹ̀ ẹ́, kó tì í lọ. Ọwọ́ tó ń gbẹ́ eyín tí ẹni tó ni ín kò dá mọ̀. Tó bá dé, gbogbo irun rẹ̀ á máa rùn bí ilé ìfọṣọ. Lọ́jọ́ Sunday, á jókòó sídìí fèrèsé, á máa fi ìda gbẹ́ eyín tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́, á sì kó wọn sínú agolo bísíkíìtì. Mo bi í pé kí ló ń fi wọ́n ṣe. Ó ní ọwọ́ máa ń gbàgbé.

Èmi ni mò ń bá a dáhùn. Níbi tí wọ́n bá ti bi í léèrè, mo ti fèsì. Fọ́ọ̀mù tó bá fẹ́ kọ, mo ti kọ ọ́, nọ́ńbà fóònù tèmi ni mo sì ń kọ sí i, kí wọ́n má baà pè é kó ṣòro fún un. Tí akọ̀wé kan bá sọ̀rọ̀ yára, màá dá a dúró: "Ẹ bá a sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, yóò gbọ́." Kí akọ̀wé tó tún un sọ díẹ̀díẹ̀, mo ti dáhùn. Inú mi máa ń dùn sí ara mi. Mo rò pé èmi ni ọkọ tó dáa jù ní àdúgbò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ló rí i. Ẹni tí kì í fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ ni. Ó kọ́kọ́ bínú sí ìyàwó mi torí pé "ìwọ" ló ń pe gbogbo èèyàn, àgbà àti ọmọdé, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó gbà á lọ́mọ. Ó wá jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan, ó bi ìyàwó mi pé báwo ni iṣẹ́, mo ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ó ní ṣé ara rẹ̀ ti yá, mo ní ó ti yá. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ṣé ìyàwó lo fẹ́ ni, àbí o gba iṣẹ́ agbẹnusọ?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mò ń ràn án lọ́wọ́ ni."

"Ìrànlọ́wọ́ wo? Mi ò tíì gbọ́ ohùn ìyàwó wa láti àárọ̀. Ẹ̀bi rẹ ló máa jẹ́ tó bá yadi."

Mo bínú fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí ló kàn án. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu tirẹ̀ ni mo rò pé òwe náà ń bá wí.

Ọdún keje la gbọ́ pé obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe eyín nínú ìlú wa ń wá ọwọ́. Màdáámù ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí rárá. Ó kọ lẹ́tà sí wa pé kí ìyàwó mi wá fún ọjọ́ mẹ́ta, kó ṣe eyín mẹ́fà, kí òun fi ojú òun rí i. Mo ka lẹ́tà náà fún ìyàwó mi. Ó kàn lọ gbé agolo bísíkíìtì yẹn, ó dà á sórí tábìlì, ó ń yẹ àwọn eyín náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, mo bá a lọ. Ta ló bẹ̀ mí? Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fún un ní àwòṣe ẹnu mẹ́ta tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun rọ. Láti àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni àwọn tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù ti ń dọ́gbọ́n kọjá lẹ́yìn rẹ̀ láti wo ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan tilẹ̀ wá bá mi lóde, ó ní, "Bọ̀dá, níbo lẹ ti rí eléyìí?" Mo fẹ̀ bí ẹni tó gbẹ́ eyín náà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, Màdáámù gbé eyín ẹ̀yìn kan sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí o fi gé orí èyí kúrú ju ìkejì rẹ̀ lọ?"

Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ yẹn. Ó lanu. Ó wá yí ojú padà, ó wò mí lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wọlé. Mo ní, "Màdáámù, apá kan ni ẹni tó lẹ́nu yìí fi ń jẹun, ìdí nìyẹn. Eyín tó wà nísàlẹ̀ ti jẹ. Tí kò bá gé e kúrú, yóò máa dùn ún."

Màdáámù ní, "Òótọ́ ni." Ó wá kọjú sí ìyàwó mi. "Ìwọ ni mò ń bi. Irú ìda wo lo lò?"

Ìyàwó mi tún wò mí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún ṣe irú ẹ̀ mọ́ láyé mi. Mo ní, "Ẹ bá a sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, yóò gbọ́."

Màdáámù gbé eyín náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, "Ó tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti rí irú ọwọ́ yìí kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, àwọn dókítà ń pè wá lórí fóònù ní ìgbà ogún lóòjọ́. Ẹ gé e síhìn-ín, ẹ fi kún un lọ́hùn-ún, ó ń dun aláìsàn. Ta ni yóò máa gbé e? Ẹ̀yin? Ìjókòó kan ni mo ní, n kò lè gba èèyàn méjì sórí rẹ̀." Ó kọ orúkọ bàbá kan fún ìyàwó mi, ẹni tó kọ́ òun fúnra rẹ̀ níṣẹ́, tó ti dàgbà, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlú kékeré kan tó jìn tó ìrìn wákàtí mẹ́jọ. Ó ní bàbá náà á gbà á. "Ṣùgbọ́n kí ọkọ rẹ jókòó sílé."

Nígbà tí a délé, mò ń gbé omi tíì ka iná, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ó ní, "Ìwọ lo sọ ọ́."

Mo ní mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni.

"Mo mọ̀. Ọdún méje." Ó fi ìka kan ètè rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ náà ti dé ibí. Ìwọ gbà á."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Mo sọ pé kó má bínú, ó ní òun ò bínú, òun máa lọ ni.

Ẹ̀yin náà á ní, kí ló dé tí o ò bá a lọ? Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ fúnra mi, mo rin ìlú náà já láàárín ìṣẹ́jú ogójì, mò ń gbé ojú sókè. Ilé tó ga jù níbẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí báǹkì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo bi ẹ̀ṣọ́ báǹkì náà bóyá wọ́n ní in lọ́kàn láti fi lífìtì sí i. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Àbí ẹsẹ̀ ń dùn yín ni, bàbá?" Níbi iṣẹ́ tèmi, ẹni tó wà lókè mi ń fẹ̀yìn tì lọ́dún méjì sí i, èmi ló kàn. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju lífìtì lọ, ní ìlú tí kò ní lífìtì kankan. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo lè máa bá a fọ abọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tòótọ́, èyí tí mo fẹ́ ẹ fún. Ó ní, "Ìwọ? O máa dá oníbàárà lóhùn."

Ọdún kan la fi àdéhùn sí. Tí ẹnu rẹ̀ bá ti là, yóò padà wálé, yóò sì padà lọ bá Màdáámù. Ìyẹn ni mo fi ń sùn, ìyẹn ni mo fi ń jí.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ rò pé a jà. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà, wọ́n á sì tún parí rẹ̀. A ò jà. Ká ní a jà ni, ǹ bá mọ ohun tí màá bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Oṣù méjì ni mo fi ń se ìrẹsì ẹni méjì, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ti ẹnì kan. Wọ́n ní ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Mo máa ń ṣílẹ̀kùn, màá sọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀: "Àwá dé o." Kò sí ẹni tó ń bú mi fún ìyẹn. Ó dùn mí, kí n má parọ́. Ó dùn mí débi pé mo máa ń jókòó síbi iṣẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ló ń wálé. Ìgbà àkọ́kọ́, ó ṣì ń wò mí kó tó sọ̀rọ̀. Ìgbà kẹta, a lọ ra oògùn, mo lanu láti ṣàlàyé fún ọmọ tó ń tajà, ó rọra gba iwájú mi kọjá. Ó ní, "Ẹ káàsán. Oògùn ikọ́ ni mo fẹ́, èyí tí kì í mú oorun wá. Ọkọ mi máa ń gun òkè ṣiṣẹ́." Ó pe ọmọ yẹn ní "ẹ". Báàgì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà kan ní ìlú tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ pọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di mẹ́jọ, mẹ́jọ di mẹ́wàá. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù, ojú ń dùn ún, ó ti ń fi púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún pé, mo wà ní òrùlé ilé alájà mẹ́rìnlá, nínú yàrá tí ẹ̀rọ lífìtì wà, nígbà tí fóònù mi dún. Màdáámù ni. Nọ́ńbà mi ló wà lórí fọ́ọ̀mù tí mo kọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó ní bàbá náà ti ròyìn ìyàwó mi fún òun. Ó ní ẹnì kan ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù òun, ìjókòó náà ti wà, kí ìyàwó mi wá ní Monday. "Ṣé kí n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Tí n kò bá kọ ọ́ lónìí, mo máa fún ẹlòmíràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti wà lórí ahọ́n mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ti wà níbẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyàwó mi á ti wà nílé ní Monday. Kò sì ní burú, àdéhùn tí a jọ ṣe nìyẹn. Mo di irin mú. Mo rántí ìka tó fi kan ètè.

Mo ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é fúnra yín." Mo fún un ní nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀.

Ìyàwó mi kò pè lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun òrùlé kan náà lọ, mo sì pe nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, torí kì í gbé fóònù tirẹ̀ tí sìmẹ́ńtì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀. Ṣọ́ọ̀bù eyín nìyí. Kí la lè bá yín ṣe?"

N kò kọ́kọ́ dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ó yá mọ́ni, kò sì kánjú. Mo ní, "Èmi ni."

"Ah. Ìwọ. Màdáámù pè mí lánàá. Ó ní o kò dáhùn fún mi."

"N kò dáhùn."

"O ṣeun. O ṣeun gan-an. Mo wá ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ fún ọ lánàá, n kò rí i. Mo ti fún un lésì. Mo ní mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo ti níṣẹ́. Bàbá fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Mo mọ àdéhùn wa. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́."

Mo fẹ́ sọ pé kò burú. Mo fẹ́ sọ pé mo kí i kú oríire, pé mo máa wá, pé kó má wá, pé kó wálé. Èmi tí mo ti bá gbogbo ayé dáhùn, n kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mú níbẹ̀. Lífìtì gbéra lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó lọ sílẹ̀, ó tún gòkè padà.

Ìyàwó mi ní, "Máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mò ń gbọ́."

Mo ní, "Ilé ṣófo."

Ó ní, "Mo gbọ́."

Lẹ́yìn náà fóònù kejì dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní dókítà kan ni, ó sì lọ gbé e.